Bí Wọ́n Ṣe ń Kúrò Lọ́dọ̀ Dókítà: Àgbéyẹ̀wò Ìdágbére nínú Eré Doctor Who

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1976, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn ní ilẹ̀ Bìrìtéènì tí wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń wo obìnrin kan tó ń kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ó gbé òdòdó inú ìkòkò dání, ó mú ràkẹ́ẹ̀tì tẹ́nìsì, ó sì há òwìwí ìṣeré ńlá kan mọ́ abíyá, bí ẹni tí onílé lé jáde láìròtẹ́lẹ̀. Sarah Jane Smith ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ já a sílẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ láyé, síbẹ̀ kò bá a sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí òkú, kò sí orin arò. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ilẹ̀kùn tì, ọkọ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìdágbére tí Doctor Who ti ṣe láti ọdún 1963, èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń dárúkọ ṣáájú òmíràn.

Kí ló fà á? Eré yìí ti pa àwọn kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ti fi òmíràn fọ́kọ, ó ti gba ìrántí lórí àwọn mìíràn, ó sì ti gbàgbé àwọn kan pátápátá. Kò sí ọ̀nà tí a lè gbà yọ ènìyàn kúrò nínú ìtàn tí kò tíì dán wò. Bí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun kan fara hàn: ìdágbére tó ń pẹ́ lọ́kàn ni èyí tí ẹni tó ń lọ ní ẹnu nínú rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ti ẹnu rẹ̀ pa, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà dùn tó, ó máa ń ku ibì kan.

Fún ẹni tí kò wo eré yìí rí, ọ̀rọ̀ náà kò le. BBC bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963, ọjọ́ kejì tí wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ Kennedy ní Amẹ́ríkà. Verity Lambert ni agbátẹrù rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ìtàn náà dá lórí àjèjì kan láti ayé mìíràn tí wọ́n kàn ń pè ní Dókítà. Ó ń rìnrìn àjò láti ìgbà dé ìgbà àti láti ayé dé ayé nínú ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ TARDIS. Ìta ọkọ̀ náà jọ àpótí búlúù tí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Bìrìtéènì ń gbé sí ẹ̀bá ọ̀nà nígbà náà fún tẹlifóònù, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gbòòrò ju ilé lọ. Dókítà kì í dá rìn. Ó máa ń mú ènìyàn kan tàbí méjì dání, ọmọ aráyé ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn yìí ni alábàárìn.

Lọ́dún 1966, nígbà tí ara William Hartnell tó kọ́kọ́ ṣe Dókítà kò le mọ́, wọ́n dá ọgbọ́n kan tó gba eré náà là: Dókítà lè pààrọ̀ ara. Òṣèré kan lọ, òmíràn dé, Dókítà kan náà ni. Alábàárìn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bó bá lọ, ó lọ nìyẹn. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ alábàárìn ni ìpínyà tòótọ́ inú eré yìí ti máa ń wá, ibẹ̀ náà ni a ti ń mọ bí àwọn tó ń kọ ọ́ ṣe ka ènìyàn sí.

Susan ló kọ́kọ́ lọ. Ọmọ-ọmọ Dókítà ni, Carole Ann Ford ló sì ń ṣe é. Wọ́n ti sọ fún òṣèré náà pé ọmọbìnrin àrà ọ̀tọ̀ ni yóò ṣe, ọlọgbọ́n tí kò jọ ọmọ aráyé. Nígbà tó dé ibẹ̀, igbe kíké ni wọ́n ń fún un ṣe lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ní ó tó. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1964, ìgbẹ̀yìn ìtàn The Dalek Invasion of Earth tí Terry Nation kọ, wọ́n já a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ọjọ́ iwájú tí ogun ti sọ di àlàpà. Ọ̀dọ́kùnrin kan, David Campbell, tó bá wọn jagun, fẹ́ fi í ṣaya. Ó wu ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n ó ní bàbá àgbà òun ti dàgbà, òun kò lè fi í sílẹ̀.

Dókítà gbọ́. Bàtà Susan kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti lu, ó ti ní òun yóò bá a tún un ṣe. Ó mú bàtà náà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ láti inú, ó sì ti inú níbẹ̀ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó sọ fún un pé ó ti di obìnrin, pé ó yẹ kó ní ilé tirẹ̀, ó sì ṣèlérí pé òun yóò padà wá lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ lọ. Kọ́kọ́rọ́ TARDIS tó wà lọ́wọ́ Susan já bọ́ sílẹ̀.

Hartnell kò ṣe ohun tó dára ju èyí lọ nínú gbogbo ọdún mẹ́ta tó lò. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbi tó yẹ kó gbọ̀n. Ṣùgbọ́n kí a sọ òótọ́: kò sẹ́ni tó bi Susan. Bàbá àgbà rẹ̀ ló pinnu ọkọ fún un, ilé fún un, àti ìgbà tí yóò máa gbé, ó sì ti ilẹ̀kùn kí ó tó lè fèsì. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni Dókítà sọ, ìwà tipátipá ló hù. Ìdí nìyí tí ìdágbére yìí fi ń dun àwọn òǹwòran, tó sì ń bí wọn nínú lẹ́ẹ̀kan náà.

Òdì kejì rẹ̀ ni ti Ian Chesterton àti Barbara Wright, àwọn olùkọ́ méjì tí Dókítà jí gbé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Nínú The Chase, ní oṣù Kẹfà ọdún 1965, wọ́n rí ẹ̀rọ ìrìn-àjò ìgbà tí àwọn Dalek, ọ̀tá Dókítà, fi sílẹ̀, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ fi í lọ sílé. Inú bí Dókítà. Ó pariwo, ó bú wọn, ó ní wọn yóò kú sójú ọ̀nà. Barbara dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, Vicki tó jẹ́ ọmọdé àárín wọn sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n lọ. Lẹ́yìn náà ni a rí fọ́tò lórí fọ́tò: tọkùnrin tobìnrin ń sáré kiri Lọ́ńdọ̀nù, ẹyẹlé ń fò, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu wọn. Nígbà tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, owó ọkọ̀ ti wọ́n ju èyí tí wọ́n mọ̀ lọ, kọ́ńdọ́ kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ọdún méjì ti lọ lẹ́yìn wọn. Kò sí ìdágbére tó láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú eré náà títí di òní, ohun tó fà á kò sì farasin: àwọn fúnra wọn ló ní àwọn ń lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ àdéhùn iṣẹ́ àwọn òṣèré ló wá ń pinnu ìtàn. Katarina, ìránṣẹ́bìnrin láti ìlú Troy, dé ní ìgbẹ̀yìn ọdún 1965, kò sì pẹ́ tí àwọn òǹkọ̀wé fi rí i pé àwọn kò mọ bí ẹni tó ti ayé àtijọ́ wá bẹ́ẹ̀ yóò ṣe máa bá Dókítà rìn láìjẹ́ pé wọ́n ń ṣàlàyé gbogbo nǹkan fún un. Wọ́n pa á. Òun ni alábàárìn àkọ́kọ́ tó kú. Dodo Chaplet, tí Jackie Lane ṣe, kò tilẹ̀ rí ikú akọni kú. Ní àárín The War Machines, lọ́dún 1966, wọ́n ní kó lọ sinmi ní ìgbèríko, a kò sì rí i mọ́. Ìgbà tí ìtàn parí ni ẹlòmíràn wá jíṣẹ́ fún Dókítà pé Dodo ní òun ń kí i, òun kò bá a lọ mọ́. Ohun tí kò dára ni. Ẹni tó bá ọ rìn la ikú kọjá kì í rán ènìyàn wá dágbére.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan Nàìjíríà. Ní àwọn ọdún yẹn, BBC máa ń nu téèpù kí wọ́n lè tún un lò, wọ́n sì máa ń jó fíìmù tí wọ́n bá rò pé kò wúlò mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ta ẹ̀dà sí òkè òkun, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó rà á. Ní àárín àwọn ọdún 1980, láti Nàìjíríà ni ẹ̀dà The War Machines ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù, òun ló jẹ́ kí a lè fi ojú ara wa rí bí wọ́n ṣe ṣe Dodo. Lọ́dún 2013, Philip Morris tó ń wá fíìmù tó sọnù kiri kéde pé òun ti rí àwọn agolo fíìmù ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos. Apá mẹ́sàn-án tí BBC kò ní mọ́ ló wà nínú wọn, láti inú The Enemy of the World àti The Web of Fear. Erùpẹ̀ ti bo wọn, àmọ́ àwòrán inú wọn mọ́ kedere.

Nínú ìtàn méjèèjì yìí ni Victoria Waterfield wà, tí Deborah Watling ṣe. Ó bani nínú jẹ́ pé ìdágbére rẹ̀ gan-an, nínú Fury from the Deep, ní oṣù Kẹrin ọdún 1968, kò tíì yọjú níbikíbi. Nínú apá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí ìkankan tó kù lódindi. Ohùn nìkan ló wà, pẹ̀lú fọ́tò àti àwọn àwòrán kéékèèké. Láti inú ohùn yẹn, a mọ̀ pé iṣẹ́ dáadáa ni wọ́n ṣe. Victoria ní ẹ̀rù ti sú òun, ọjọ́ kan kì í lọ láìjẹ́ pé ohun kan ń lé àwọn. Dókítà kò bá a jiyàn, kò sì tì í jáde. Ó ní àwọn yóò dúró díẹ̀ kí ó lè rò ó dáadáa. Jamie, alábàárìn mìíràn tó fẹ́ràn rẹ̀, ló ń ráhùn. Bí fíìmù yìí bá wà ní yàrá kan tí wọ́n ti gbàgbé ní ibikíbi ní Áfíríkà, ìṣúra ni.

Jamie McCrimmon yìí náà, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì tó jẹ́ afunfèrè ìlú rẹ̀, ni wọ́n ṣe ohun tó burú jù lọ fún. Nínú The War Games, tó parí ní oṣù Kẹfà ọdún 1969 lẹ́yìn apá mẹ́wàá, àwọn Time Lord, ìyẹn àwọn ènìyàn Dókítà fúnra rẹ̀, mú un, wọ́n sì ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí Jamie àti Zoe, alábàárìn kejì, padà sí ìgbà tí oníkálùkù ti wá, wọ́n sì nu gbogbo ohun tí wọ́n bá Dókítà ṣe kúrò lórí wọn, àyàfi ìrìn-àjò àkọ́kọ́. Patrick Troughton, tó ń ṣe Dókítà nígbà náà, dágbére fún wọn pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, ó ń ṣe bí ẹni pé wọn yóò rántí òun, ó sì mọ̀ pé wọn kò ní rántí. A rí Jamie ní pápá ogun Skọ́tíláǹdì, ó ń lé ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, kò mọ̀ pé òun ti dé òṣùpá rí. Frazer Hines tó ṣe Jamie ti lò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta nínú eré náà. Ikú ìbá sàn, nítorí ẹni tó kú kú pẹ̀lú ohun tó mọ̀.

Òǹkọ̀wé méjì ló kọ ìtàn yẹn, Terrance Dicks àti Malcolm Hulke, kò sì yẹ kí a bá wọn wí. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí a rí ni ìkà àwọn tó ń ṣe ìdájọ́, a sì rí i.

Liz Shaw ní tirẹ̀, ọ̀mọ̀wé onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí Caroline John ṣe lọ́dún 1970, kò gba nǹkankan. Ìtàn kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1971, wọ́n sọ pé ó ti padà sí yunifásítì Cambridge. Ó parí.

Ó dùn mọ́ni pé ẹni tó gba ipò Liz ni wọ́n wá ṣe ìdágbére gidi fún. Jo Grant, tí Katy Manning ṣe, lo ọdún mẹ́ta pẹ̀lú Jon Pertwee tó ń ṣe Dókítà nígbà náà. Nínú The Green Death, ní oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà ọdún 1973, wọ́n lọ sí abúlé awakùsà kan ní Wales tí ilé-iṣẹ́ kan ti ń da ìdọ̀tí rẹ̀ sínú kòtò èédú àtijọ́, tí ìdin ńláńlá sì ń jáde láti ibẹ̀. Jo pàdé Clifford Jones níbẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀dọ́ tó ń fi olú ṣe oúnjẹ tuntun fún àwọn tí ebi ń pa. Jo sọ fún Dókítà lójú pé ọkùnrin yìí jọ Dókítà fúnra rẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Láti apá àkọ́kọ́ ni Dókítà ti mọ̀ pé ọmọ náà ti ń lọ, ó sì ti sọ ọ́ lẹ́nu wẹ́rẹ́ nígbà tí Jo kọ̀ láti bá a lọ sí ayé kan tó ń jẹ́ Metebelis Three.

Nígbà tí ogun parí, àwọn yòókù ń yọ ayọ̀ ìgbéyàwó, wọ́n ń mu, wọ́n ń jó. Dókítà fún Jo ní òkúta búlúù tó mú bọ̀ láti Metebelis Three, ó mu ọtí inú ife rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, ó sì yọ́ jáde. Kò sẹ́ni tó rí i àyàfi Jo. Ó wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ àtijọ́, Bessie, ó sì dá wà á lọ nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Kò sọ̀rọ̀ kan. Olùdarí eré náà, Michael Briant, jẹ́ kí a máa wo òjìji ọkọ̀ náà títí ó fi jìnnà. Àwọn òǹkọ̀wé ti ń fi ìgbéyàwó lé àwọn ọmọbìnrin kúrò nínú eré yìí láti ìgbà Susan, ṣùgbọ́n tí Jo yàtọ̀, nítorí ó ti ń dàgbà kúrò lọ́wọ́ Dókítà lójú wa, àti pé Dókítà ló kù nìkan. Òun ló san gbèsè ìpínyà náà. Ọ̀sẹ̀ tí apá ìgbẹ̀yìn yìí jáde náà ni Roger Delgado, òṣèré tó ń ṣe Master, ọ̀tá Dókítà, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní Tọ́kì. Ilé tí Pertwee mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ọdún tó tẹ̀ lé e ni òun náà lọ.

Sarah Jane dé ní oṣù Kejìlá ọdún 1973, nínú The Time Warrior. Oníròyìn ni, ó sì lo orúkọ àǹtí rẹ̀ tó jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti wọ ibi tí wọn kò pè é sí. Elisabeth Sladen, ọmọ Liverpool, ló ṣe é. Kì í ṣe pé kì í bẹ̀rù. Ó máa ń bẹ̀rù gan-an, a sì máa ń rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n á tún lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Sladen ní òun fẹ́ máa lọ, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ohun méjì péré: kí wọ́n má pa Sarah, kí wọ́n má sì fi í fọ́kọ. Ìtàn kan ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí Douglas Camfield ń kọ, níbi tí wọn ì bá ti pa á. Ìtàn náà kò bọ́ sí i. The Hand of Fear, tí Bob Baker àti Dave Martin kọ, ló gba ipò rẹ̀, wọ́n sì fi ìdágbére lé e nídìí. Nígbà tó dé orí ìran ìgbẹ̀yìn yẹn, Sladen àti Tom Baker tó ń ṣe Dókítà ló tún ọ̀rọ̀ ibẹ̀ tò fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbà ni. Dókítà wà ní ìdọ̀bálẹ̀ lábẹ́ pátákó ẹ̀rọ, ó ń tún nǹkan ṣe, ó ń na ọwọ́ sókè kí Sarah gbé irin-iṣẹ́ fún un. Sarah ń gbé e fún un, ó sì ń ráhùn: ó ti sú u kí wọ́n máa yìnbọn sí i, kí wọ́n máa gba ọkàn rẹ̀, kí òtútù máa mú un lórí ayé tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ fọ irun. Ó fẹ́ wẹ̀. Dókítà kò gbọ́ ẹyọ kan. Ni Sarah bá ní ó dáa, òun ń lọ kó ẹrù òun. Gbogbo ẹni tó ti bá ẹni tó fẹ́ràn jà rí ló mọ ohun tó ń ṣe: ó fẹ́ kó bẹ òun ni.

Bó ṣe wọlé lọ ni ìpè dé láti Gallifrey, ìlú àwọn Time Lord. Ojú Dókítà yí padà. Wọn kì í gba ọmọ aráyé síbẹ̀. Sarah jáde padà tòun ti òdòdó àti òwìwí rẹ̀, ìbínú ẹ̀tàn náà ṣì wà lójú rẹ̀, Dókítà sì sọ fún un pé òun gbọ́dọ̀ mú un lọ sílé. Ẹ̀tàn di òótọ́ lójijì. Sladen kò sunkún. Ó kàn dúró, ohun tó ń sọ sì yí bìrí láàárín gbólóhùn méjì: ó ní eré ni òun ń ṣe. Sarah ní kó má gbàgbé òun, Dókítà náà ní kí Sarah má gbàgbé òun. Wọn kò dì mọ́ ara wọn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìfẹ́.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ pòórá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì sọ fún ajá kan tó dùbúlẹ̀ níbẹ̀ pé èyí kì í ṣe Hillview Road, bóyá kì í tilẹ̀ ṣe South Croydon. Ó rẹ́rìn-ín, ó súfèé orin ọmọdé kan, ó gbójú sókè. Àwòrán dúró síbẹ̀.

Ohun tó gbé ibí yìí ga ni pé Sarah sọ tẹnu rẹ̀ pátá. Ó ráhùn, ó ṣẹ̀fẹ̀, ó kọ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì rìn jáde lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òótọ́ ni pé kò pinnu láti lọ, àmọ́ kò sí ìgbà kan tí a kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ já a sí náà kì í ṣe ibi tó yẹ: Dókítà tó lè dé òpin ayé kò lè mọ ọ̀nà ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò parí, àwọn ọmọ tó wò ó lọ́jọ́ náà gbé e dàgbà. Ìtàn tó tẹ̀ lé e, The Deadly Assassin, ni Dókítà dá nìkan ṣe láìsí alábàárìn kankan. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àyè Sarah gbọ́dọ̀ ṣófo fún ìgbà díẹ̀.

Ó ṣeni láàánú pé ẹ̀kọ́ náà kò pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1978, Leela, jagunjagun tí Louise Jameson ṣe, ṣàdédé ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ ogun ẹ̀ṣọ́ kan ní Gallifrey, ìlú kan náà tí wọn kò gba Sarah sí lọ́dún méjì ṣáájú. Wọn kò fi ìfẹ́ hàn láàárín wọn rí. Jameson fúnra rẹ̀ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ikú akọni ló fẹ́ fún Leela. Ti Peri lọ́dún 1986 burú ju ìyẹn lọ: wọ́n pa á lójú wa, lẹ́yìn náà wọ́n ní irọ́ ni, ó ti fẹ́ ọba kan.

Adric ni ẹni tí ikú rẹ̀ mi ilẹ̀. Nínú Earthshock, tí Eric Saward kọ, ní oṣù Kẹta ọdún 1982, ọmọkùnrin onímọ̀ ìṣirò yìí kú nínú ọkọ̀ tó já lu ilé ayé ní ìgbà àwọn dáínósọ̀. Orúkọ àwọn òṣèré jáde láìsí orin, báàjì rẹ̀ tó fọ́ ló wà lẹ́yìn wọn. John Nathan-Turner tó jẹ́ agbátẹrù kò jẹ́ kí àṣírí náà tú ṣáájú, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì gún àwọn ọmọdé lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìtàn tó tẹ̀ lé e ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nínú Time-Flight, wọ́n kẹ́dùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, Dókítà sì ní kí àwọn lọ gbafẹ́ níbi ìpàtẹ ńlá Lọ́ńdọ̀nù ti ọdún 1851. Ìdákẹ́jẹ́ kan kò lè ṣe iṣẹ́ ọ̀fọ̀ tí ẹnìkan kò ṣe.

Tegan, tí Janet Fielding ṣe, ló gbé ọ̀rọ̀ náà padà sí ọ̀nà. Ní oṣù Kejì ọdún 1984, nínú Resurrection of the Daleks, ó wo àwọn òkú tó sùn kiri, ó ní òun kò lè ṣe é mọ́, ó bọ Dókítà lọ́wọ́, ó sì sáré jáde tẹkúntẹkún. Nígbà tó padà láti sọ ọ̀rọ̀ kan sí i, ọkọ̀ ti lọ. Ní ti Ace, wọn kò tilẹ̀ ráyè dá a gbére: BBC dá eré náà dúró ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, òun àti Dókítà sì ń rìn lọ ni.

Nígbà tí Russell T Davies jí eré náà dìde lọ́dún 2005, ó mọ̀ pé gbèsè wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2006, nínú School Reunion tí Toby Whithouse kọ, Sarah Jane rí TARDIS ní ilé ìwé kan lálẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ti lọ. Ó bi Dókítà ohun tí gbogbo òǹwòran ti fẹ́ bi í: kí ló dé tí o kò padà wá? Ó tún sọ fún un pé Aberdeen ni ó já òun sí, ní Skọ́tíláǹdì. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ pínyà, òun ló ní kí Dókítà dágbére dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, Dókítà sì dì mọ́ ọn. Láti ibẹ̀ ni Sladen ti rí eré tirẹ̀, The Sarah Jane Adventures, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2007. Ó ń ṣe é lọ́wọ́ nígbà tí àìsàn jẹjẹrẹ pa á ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2011, ó jẹ́ ẹni ọdún 65. Ní ọjọ́ kan náà lọ́dún 2020, Davies gbé eré kúkúrú kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ Sarah ti péjọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Àwọn tuntun náà ní tiwọn. Ti Rose ní etíkun lọ́dún 2006 pa ọ̀pọ̀ lẹ́kún, ti Donna lọ́dún 2008 sì tún ìkà tí wọ́n hù sí Jamie hù. Ṣùgbọ́n èyí tó sún mọ́ ọ̀nà àtijọ́ tó dára jù lọ ni ti Martha Jones, tí Freema Agyeman ṣe. Lọ́dún 2007, ó sọ fún Dókítà pé ẹni tí kò rí òun kò yẹ kó máa gba ọjọ́ ayé òun, pé àwọn òbí òun nílò òun. Ó fún un ní fóònù rẹ̀, ó sì lọ. Wọn kò yìn ín tó bó ṣe yẹ.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, eré náà fi àwọn tí wọ́n já sílẹ̀ sínú yàrá kan: Tegan, Ace, Jo, àti Ian Chesterton. William Russell tó ń ṣe Ian ti di ẹni ọdún 97 nígbà náà, ó lé ní ọdún 57 tó ti ṣe é kẹ́yìn. Wọ́n jókòó yíká, wọ́n ń sọ ohun tí ojú wọn rí. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2025, Inua Ellams, akéwì tí wọ́n bí ní Jos, kọ The Story & the Engine, tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Èkó. Níbẹ̀ ni Abena, ọmọ Anansi, ti ko Dókítà lójú lórí bó ṣe fi òun sílẹ̀ nígbà kan rí. Eré náà ti ń gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀.

Ó ku ẹjọ́ kan. Lọ́dún 1983, Susan fara hàn nínú The Five Doctors, tó fi ìlérí Hartnell ti ọdún 1964 ṣe ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Carole Ann Ford tún yọjú, ṣùgbọ́n nínú ìran tí Dókítà ń rí ni. Òṣèré náà ti lé ní ẹni ọdún 80. BBC ló ni ìwé, òun ló ni kámẹ́rà. Kí wọ́n kọ ìtàn kan tí Dókítà yóò ti padà sọ́dọ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀, kí wọ́n fún Susan ní ọ̀rọ̀ sọ, kí wọ́n sì ṣe é nígbà tí Ford ṣì wà láyé láti sọ ọ́.